Libplot, PLplot, PGPLOT tàbí Cairo: èwo ni kí a fi ya gíráàfù láti inú ètò wa?

Ẹni tó bá ti kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò nǹkan rí yóò mọ̀ pé nọ́ḿbà nìkan kì í pẹ́ súni. Ká ní a fi èdè C kọ ètò kan tó ro àpapọ̀ òjò oṣù kọ̀ọ̀kan nínú ọdún pọ̀, nọ́ḿbà 12 sì wà lọ́wọ́ wa tí a fẹ́ fi ìlà so kọ́ra. Lónìí, a fẹ́ rí ìlà náà lójú kọ̀ǹpútà. Lọ́la, a fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé A4. Lọ́túnla, ẹnìkan yóò ní kí a fi SVG rẹ̀ ránṣẹ́ kí òun lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ní kí a máa kọ kóòdù ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ ìyàwòrán yóò gba àkókò ju ìṣirò tó bí i lọ. Ìdí nìyí tí àwọn láíbírì ìyàwòrán tí kò so mọ́ ẹ̀rọ kan pàtó fi wà. Ètò wa yóò kàn sọ pé kí ìlà ti ibí dé ọ̀hún, láíbírì ni yóò sì sọ ọ́ di ohun tí fèrèsé, fáìlì PDF tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Bell Labs ti ní irú rẹ̀ nínú Unix láti àwọn ọdún 1970, lórúkọ plot, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fi kálàmù ya àwòrán sórí ìwé ṣì wọ́pọ̀. Ní ọdún 1985, àjọ ISO fọwọ́ sí GKS gẹ́gẹ́ bí ìlànà àgbáyé nọ́ḿbà 7942, èyí tó ní kí ètò máa yàwòrán sí ohun kan tí wọ́n pè ní workstation, ì báà jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, ì báà jẹ́ fáìlì. Mẹ́rin nínú àwọn tó tọ ipa ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ fi wéra níbí: libplot tó wà nínú GNU plotutils, PLplot, PGPLOT, àti Cairo.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Ẹni tó fẹ́ ya gíráàfù láti inú ètò C tàbí C++, tí kò sì ní kóòdù àtijọ́ kankan lọ́rùn, kí ó mú PLplot. Ẹni tí ohun tó fẹ́ yà kì í ṣe gíráàfù, bí ààtò ilé, máàpù kékeré tàbí àwòrán oníṣirò tó ń tún ara rẹ̀ yà, libplot yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Cairo wà fún ẹni tí àwòrán rẹ̀ yóò wọ inú ètò ńlá tó ní fèrèsé àti bọ́tìnnì tirẹ̀. Ní ti PGPLOT, ẹni tó jogún kóòdù tó ń lò ó nìkan ni mo lè ní kó máa bá a lọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí ni ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo ni a ń yan ẹ̀rọ ìjáde?

Bí wọ́n bá ń fi àwọn láíbírì yìí wéra, iye irú fáìlì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kọ ni wọ́n sábà máa ń kà. Libplot ni yóò gbégbá orókè níbẹ̀, nítorí ó ń kọ PNG, SVG, PostScript, HP-GL, PCL, CGM, ReGIS, fáìlì Tektronix àti àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò lò láyé wọn. Ohun tó ń yí ọ̀nà tí a ń gbà ṣiṣẹ́ padà ni ìgbà tí láíbírì fẹ́ kí a sọ ibi tí àwòrán ń lọ: ṣé nígbà tí a ń kọ kóòdù ni, ṣé nígbà tí ètò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àbí lẹ́yìn tí ó bá ti ṣiṣẹ́ tán?

Inú kóòdù ni Cairo ti fẹ́ gbọ́ ọ. A ó pe `cairo_svg_surface_create` tàbí `cairo_pdf_surface_create`, a ó fún un ní orúkọ fáìlì, ìbú àti gíga, a ó sì ti ibẹ̀ gba `cairo_t` tí gbogbo àṣẹ ìyàwòrán yòókù ń lò. Bí a bá gbọ́n, a ó kó gbogbo ìyàwòrán sínú fọ́ńkíṣọ̀n kan tó ń gba `cairo_t` lọ́wọ́ ẹni tó pè é, fọ́ńkíṣọ̀n kan náà yóò sì ya fèrèsé, yóò ya PDF, yóò ya PNG, láìyí ìlà kan padà nínú rẹ̀. Àmọ́ àwa fúnra wa ni a ó kọ apá tó ń bi olùlò léèrè irú fáìlì tó ń fẹ́.

PLplot àti PGPLOT fẹ́ gbọ́ ọ nígbà tí ètò bá ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pe `plparseopts` ṣáájú `plinit`, ètò wa yóò máa gba `-dev` àti `-o` láìjẹ́ pé a kọ ohunkóhun fún wọn, débi pé `./ojo -dev xwin` yóò ṣí fèrèsé, tí `./ojo -dev pdfcairo -o ojo.pdf` yóò sì kọ PDF. Bí olùlò kò bá sọ nǹkan kan, PLplot yóò to orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó mọ̀ síwájú rẹ̀ pé kó mú ọ̀kan. Irú èyí náà ni PGPLOT ń ṣe bí a bá fi àmì ìbéèrè sínú `PGOPEN('?')`, a sì lè fi `PGPLOT_DEV` sọ èyí tí a fẹ́ kó máa kọ́kọ́ mú. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fẹ́ràn èyí gidigidi, nítorí wọn a wo àwòrán lójú kọ̀ǹpútà títí yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn a wá dáhùn `ojo.ps/CPS` sí ìbéèrè kan náà, àwòrán á sì ti di PostScript aláwọ̀.

Libplot ní ọ̀nà kẹta tí mo kà sí ẹ̀bùn rẹ̀ tó tóbi jù. Lóòótọ́, a lè kọ `"svg"` tàbí `"ps"` fún `pl_newpl_r` nínú kóòdù. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ `"meta"`, kò ní yàwòrán fún ẹ̀rọ kankan. Yóò kàn to àwọn àṣẹ ìyàwòrán náà sínú fáìlì, tí ètò kan tó ń jẹ́ plot lè túmọ̀ nígbàkigbà tó bá wù wá:

plot -T svg < ojo.meta > ojo.svg
plot -T ps < ojo.meta > ojo.ps

Bí ìṣirò wa bá gba wákàtí mẹ́fà lórí sáfà, a kò ní tún un ṣe nítorí pé ẹnìkan yí ọkàn padà lórí irú fáìlì tó ń fẹ́. Nǹkan kékeré kan tún wà tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lo fèrèsé X rẹ̀ mọ̀: lẹ́yìn `pl_closepl_r`, libplot máa ń bí ìṣiṣẹ́ mìíràn tó ń gbé fèrèsé náà dúró, nítorí náà àwòrán yóò ṣì wà níwájú wa bí ètò tilẹ̀ ti parí, títí a ó fi tẹ q tàbí kí a fi mouse tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé ètò òun kò tíì kú.

Ta ni yóò fa ìlà ìbú àti ìlà òòró?

Ibí ni àwọn mẹ́rin yìí ti pín sí ọ̀nà méjì pátápátá. PLplot àti PGPLOT mọ ohun tí gíráàfù jẹ́. Kóòdù tó ya òjò wa nínú PLplot kò ju báyìí lọ:

plinit();
plenv(1.0, 12.0, 0.0, 400.0, 0, 0);
pllab("Oṣù", "Òjò (mm)", "");
plline(12, osu, ojo);
plend();

`plenv` nìkan ti ya àpótí, ó ti fa ìlà méjèèjì, ó ti pín wọn sí ìwọ̀n tó bójú mu, ó sì ti kọ nọ́ḿbà sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹni tó bá mọ `PGENV` nínú PGPLOT yóò rí i pé nǹkan mẹ́fà kan náà ni méjèèjì ń gbà, tí wọ́n sì tò wọ́n bákan náà. Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Tim Pearson ló kọ PGPLOT ní Caltech ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1983, fún àwọn tó ń fi rédíò wo ìràwọ̀. Sze Tan lo PGPLOT nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge láàárín ọdún 1983 sí 1987, ó sì gbé ọ̀pọ̀ èrò rẹ̀ wọ inú PLplot tó kọ́kọ́ fi Fortran kọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn mìíràn sọ ọ́ di ti èdè C, tí a sì ń lò ó lónìí láti inú Python, Java, Ada, Tcl, OCaml àti Fortran fúnra rẹ̀.

Libplot kò mọ gíráàfù rárá. Ó mọ ìlà, àpótí, òbírí, ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ tí a fi ń kún inú nǹkan, ó sì parí síbẹ̀:

pl_openpl_r(p);
pl_fspace_r(p, 0.0, 0.0, 13.0, 13.0);
pl_fmove_r(p, 1.0, ojo[0]);
for (i = 1; i < 12; i++) pl_fcont_r(p, i + 1.0, ojo[i]);
pl_closepl_r(p);

Nínú èyí, a ti kọ́kọ́ pín òjò kí ó má baà ju 13 lọ, kí ìbú àti òòró lè wà ní ìwọ̀n kan náà. Mo dábàá pé kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n tí a bá fi fún `pl_fspace_r` náà ni libplot fi ń wọn sísanra ìlà àti títóbi lẹ́tà. Ìlà ìbú, ìlà òòró, àmì oṣù kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ di ọwọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun fà á, kí ó kúkú kọ nọ́ḿbà rẹ̀ sínú fáìlì, kí ó lo ètò graph tó bá plotutils wá: `graph -T svg < ojo.txt > ojo.svg` ti tó. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹni tó fẹ́ gíráàfù má mú libplot. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ ya ohun mìíràn, àìmọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ló dára, nítorí pé PLplot yóò máa wá bí yóò ṣe ya àpótí yí i ká.

Cairo náà kò mọ gíráàfù, ó sì tún ní àṣà tirẹ̀ tó ń dààmú ẹni tó ń bọ̀ láti ibòmíràn. Òkè ni òdo rẹ̀ wà, gígùn sì ń lọ sísàlẹ̀, nítorí náà òjò tó pọ̀ jù lọ ni yóò wà nísàlẹ̀ pátápátá bí a kò bá dojú ìwọ̀n náà délẹ̀. Nínú PDF, ìdá kan nínú 72 ínǹṣì ni ẹyọ ìwọ̀n rẹ̀, tí A4 fi jẹ́ nǹkan bí 595 sí 842. Nínú PNG, píksẹ̀lì ni. Ìdẹkùn tó mú ènìyàn jù ni ti `cairo_scale`. Bí a bá lò ó láti mú oṣù 12 àti òjò 400 bá ìwé mu, tí a sì pe `cairo_stroke` nígbà tí ìfẹ̀sókè náà ṣì wà lórí rẹ̀, kálàmù yóò fẹ̀ síbi kan, yóò tín-ín-rín síbòmíràn, ìlà tó dùbúlẹ̀ àti èyí tó dúró kò sì ní sanra bákan náà. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a pe `cairo_save`, kí a fẹ ìwọ̀n, kí a to ojú ọ̀nà ìlà náà, kí a wá pe `cairo_restore` kí a tó pe `cairo_stroke`. Ojú ọ̀nà náà yóò dúró síbi tí a fi í sí, kálàmù nìkan ni yóò padà sí bó ṣe yẹ.

PLplot náà ní àléébù tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju ti ojú lọ. Bí a bá ṣí fèrèsé láìsọ nǹkan kan, ẹ̀yìn dúdú àti ìlà pupa ni yóò kí wa káàbọ̀. `-bg ffffff` lórí ìlà àṣẹ yóò sọ ẹ̀yìn di funfun. Ti PGPLOT kò hàn sí ojú báyẹn. REAL lásán, irú nọ́ḿbà oníwọ̀n kékeré ti Fortran, ló ń gbà, èyí tí kò lè di ju nǹkan bíi dígíìtì méje lọ mú. Fún òjò oṣooṣù, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi iye ọjọ́ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń kà, tó ti sún mọ́ mílíọ̀nù méjì àbọ̀, sí orí ìlà ìbú, wákàtí mẹ́fà mẹ́fà ni àwọn àmì yóò máa fò. A ní láti kọ́kọ́ yọ nọ́ḿbà ńlá kan kúrò lára gbogbo wọn.

Orúkọ oṣù lédè wa

Fún ẹni tó fẹ́ kọ Yorùbá sára gíráàfù, apá yìí lè borí gbogbo èyí tí mo ti sọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni gíráàfù wa nílò, “Òjò” àti “Oṣù”, àwọn méjèèjì sì ti tó láti dán láíbírì wò.

Lẹ́tà ISO-Latin-1 ni libplot gbọ́ fún èdè tí a fi ABD kọ. Ò àti ò wà nínú rẹ̀, nítorí náà “Òjò” yóò jáde, bí a bá fi Latin-1 pamọ́ fáìlì kóòdù wa tàbí tí a bá fi àṣẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `\` kọ ọ́ bí ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti wí. Bí a bá fi UTF-8 kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ohun èlò ìkọ̀wé òde òní ti ń ṣe, lẹ́tà kan yóò di méjì, tí kò sí èyí tó jẹ́ tiwa nínú wọn. “Oṣù” ní tirẹ̀ kò ní ọ̀nà tààrà kankan, nítorí pé ṣ kò sí nínú Latin-1, bẹ́ẹ̀ ni ẹ àti ọ. Èyí tó kù ni ọgbọ́n àrékérekè: libplot ní `\mk` tó ń sàmì sí ibi tí kálàmù wà àti `\rt` tó ń dá a padà síbẹ̀, nítorí náà a lè kọ s, kí a padà, kí a wá fi àmì kan sísàlẹ̀ rẹ̀. PGPLOT ní `\b` tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òun náà sì nílò irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí pé lẹ́tà onílà tí Allen Hershey ṣe fún ilé-iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960 ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lé. Lẹ́tà náà lẹ́wà, pàápàá lórí ẹ̀rọ tó ń fi kálàmù yàwòrán, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó máa fọwọ́ lẹ àmì ìsàlẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú gíráàfù tó fẹ́ tẹ̀ jáde.

PLplot gba UTF-8, àwọn diráífà rẹ̀ tó ń lo Cairo, bíi pdfcairo àti pngcairo, sì ń gbé ọ̀rọ̀ fún Pango, láíbírì tó ń to lẹ́tà, láti tò. Ìtumọ̀ èyí kọjá ṣ nìkan. Lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní nọ́ḿbà tirẹ̀ nínú Unicode: ẹ ni a ó kọ, a ó wá fi àmì ohùn òkè tẹ̀ lé e, ohun tó ń to lẹ́tà ni yóò sì gbé àmì náà lé orí rẹ̀. Pango mọ iṣẹ́ yìí, bí fọ́ǹtì tí a yàn bá ti ní àwọn àmì náà. Àmì `#` nìkan ni kí a ṣọ́ra fún nínú PLplot, nítorí pé òun ló fi ń mọ àṣẹ inú ọ̀rọ̀. Bí a bá fẹ́ kó hàn, a ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú Cairo, ẹni tí kò bá kà dáadáa lè rò pé `cairo_show_text` ti tó. Àwọn tó kọ Cairo fúnra wọn kà á sí nǹkan ìdánwò lásán, nítorí kì í to àmì orí lẹ́tà bó ṣe yẹ. “Oṣù” lè jáde dáadáa, kí “Ẹrẹ́nà” wá ní àmì tó ṣí kúrò lórí ẹ́. Ohun tó yẹ ni kí a fi Pango kún un, kí a lo `pango_cairo_show_layout`.

Láísẹ́ǹsì àti ọjọ́ orí

GPL ni libplot wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá so ó mọ́ ètò tó fẹ́ tà láìṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ kò lè bá òfin yẹn lọ, nígbà tí LGPL ti PLplot àti LGPL tàbí MPL ti Cairo gba irú ìlò bẹ́ẹ̀ láàyè. Ti PGPLOT ṣàjèjì díẹ̀: kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò fi í ṣòwò, ṣùgbọ́n Caltech ló ni ín, ìdí sì nìyí tí Debian, ọ̀kan lára àwọn Linux, fi fi í sí apá tí wọ́n ń pè ní non-free.

Ọdún 2009 ni plotutils 2.6 jáde, kò sì tíì sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gba kóòdù rẹ̀ tó fẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ńpáìlì rẹ̀ yóò pàdé ìṣòro níbi PNG, nítorí pé libpng ti yí padà láti ẹ̀dà 1.5, kí ó kúkú gba èyí tí Linux rẹ̀ ti tún ṣe sílẹ̀, bíi libplot-dev ní Debian. Ọjọ́ orí rẹ̀ tún hàn níbi GIF, tí kì í fún pọ̀ lọ́nà LZW, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ Unisys ló ni ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà náà. Ẹ̀tọ́ náà ti parí tipẹ́, fáìlì GIF libplot ṣì ń tóbi. PLplot 5.15.0 jáde ní ọdún 2019. Cairo ló ṣì ń jí pépé jù nínú wọn, ó gbé ẹ̀dà 1.18 jáde ní ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ètò onífèrèsé orí Linux ló sì gbára lé e.

Ẹni tí kò pọn dandan fún pé kí àwòrán ti inú ètò rẹ̀ jáde lè fi gbogbo èyí sílẹ̀. Kí ó kọ nọ́ḿbà rẹ̀ sínú fáìlì, kí ó jẹ́ kí gnuplot yà á pẹ̀lú `set terminal pdfcairo`. Tàbí bí ó bá jẹ́ Python ló ń lò, kí ó mú Matplotlib, tó máa ń ti orí ìparí orúkọ fáìlì mọ irú àwòrán tí a ń fẹ́.

Ó wá ku ẹni tó jogún kóòdù Fortran tó kún fún `PGLINE` àti `PGLAB`. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún un ni pé kí ó tún un kọ sí PLplot, nítorí pé orúkọ àwọn àṣẹ jọra. Wọ́n jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀, fọ́ǹtì àti ìwọ̀n lẹ́tà kò rí bákan náà, ọjọ́ púpọ̀ sì lè lọ sórí títún wọn ṣe. Láíbírì kan wà tó ń jẹ́ Giza, tó dúró lórí Cairo, tó sì ń fún wa ní libpgplot àti libcpgplot tirẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Kí ó kọ́kọ́ so kóòdù náà mọ́ ọn bó ṣe wà, kí ó wo ohun tó jáde, kí ó tó fọwọ́ kan ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀.